Láptọ́ọ̀pù yín ń wọ́ tẹ́ẹ bá ń kọ kóòdù? Ẹ ka èyí kẹ́ẹ tó ra tuntun

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní nǹkan yìí, ó sì ti sú mi láti máa tẹ ìdáhùn kan náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo wá kó gbogbo ẹ̀ sójú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó.

Ó kàn ń wọ́ ni, ṣé kí n ra òmíràn?
Ẹ pa á, kẹ́ẹ tún un tàn. Ẹ wò ó bóyá ibi ìpamọ́ ti kún. Ẹ pa táàbù Chrome tẹ́ẹ ò lò.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé RAM 8GB tó?
RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Tó bá jẹ́ HTML àti JavaScript lẹ ń kọ́, ó tó. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ṣí Android Studio (ibi tí wọ́n ti ń kọ áàpù Android) pẹ̀lú emulator ẹ̀ (fóònù àfarawé tó ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà), kí Chrome náà tún wà níbẹ̀, kò tó, ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn, 16GB ni kẹ́ẹ mú. Kẹ́ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n sọ́dà RAM yẹn mọ́ bọ́ọ̀dù, torí tó bá rí bẹ́ẹ̀, iye tẹ́ẹ rà náà lẹ máa lò títí láptọ́ọ̀pù yẹn á fi kú. Bí MacBook M1 tó jáde ní 2020 ṣe rí nìyẹn, kò sí pé ẹ máa fi kún un tó bá yá.

Prosẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) i7 ni tèmi, kí ló dé tí i5 ọ̀rẹ́ mi fi ń sáré jù ú lọ?
Torí pé orúkọ lẹ rà. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e. i7-3520M jáde ní 2012, kọ́ọ̀ 2 (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú prosẹ́sọ̀) ló ní. I5-1235U jáde ní 2022, kọ́ọ̀ 10 ló ní. Tó bá sì jẹ́ hard disk tó ń yí ló ṣì wà nínú tiyín, SSD, ibi ìpamọ́ tí kì í yí, tó sì yá jù ú lọ, ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fi pààrọ̀ ẹ̀.

Emulator ò ṣí, ó ní kò sí virtualization.
Virtualization ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ṣí òmíràn nínú ara ẹ̀. Ó wà, wọ́n kàn pa á ni. Ẹ wọ inú BIOS (ètò tó ń ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀), ẹ tan VT-x tó bá jẹ́ prosẹ́sọ̀ Intel, tàbí SVM tó bá jẹ́ AMD.

Mò ń lo WSL (Linux inú Windows), npm install (àṣẹ tó ń kó ohun tí project ń lò wá) ò parí bọ̀rọ̀.
Project yín wà lábẹ́ /mnt/c, ìyẹn ibi ìpamọ́ Windows, ó sì ń pẹ́ kí Linux tó kà á. Ẹ gbé e lọ sínú /home, ti Linux fúnra ẹ̀.

16GB, SSD, prosẹ́sọ̀ tuntun, síbẹ̀ ó ń wọ́!
Èyí gan-an ló jẹ mí níyà. Mo ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ pé, àmọ́ project tó yẹ kó build (kí kóòdù di áàpù tó ṣeé lò) láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Mo fura sí antivirus, mo yọ fódà iṣẹ́ mi kúrò nínú ohun tó ń yẹ̀ wò, kò yí padà. Mo ní Docker, áàpù kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ni, mo pa á. Mo nu Windows dànù, mo tún un gbé lé látìbẹ̀rẹ̀, odidi Sátidé kan ló bá a lọ, ibi tó wà náà ló wà. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo gbé e kúrò lórí tábìlì láìmú ṣájà dání, mo ní kó build, ó parí kí n tó jókòó dáadáa. Mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Task Manager, mo wo CPU, 0.39GHz (bí prosẹ́sọ̀ ṣe ń sáré tó) ló dúró sí, prosẹ́sọ̀ tó ń lọ kọjá 3GHz! Ṣájà 45W lẹni tó tà á fún mi kó mọ́ ọn, 65W ló sì ń fẹ́, láptọ́ọ̀pù yẹn ò dá a mọ̀, ó wá dín agbára prosẹ́sọ̀ kù fúnra ẹ̀. Mo ra ṣájà tó tọ́, ó tán.

Torí náà, ẹ wo GHz yẹn nígbà tó bá ń build. Tí ò bá kúrò nísàlẹ̀ 1GHz, ẹ yọ ṣájà, kẹ́ẹ tún un wò. Tó bá gòkè, ṣájà ni tàbí ojú ihò tẹ́ẹ ń kì í bọ̀.

Tèmi kọ́kọ́ ń sáré, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń rọlẹ̀, ara ẹ̀ á sì gbóná.
Ooru ni. Eruku ti dí fáànù, tàbí páàsìtì tó ń gbé ooru kúrò lórí prosẹ́sọ̀ ti gbẹ. Ẹ má tú u fúnra yín, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, torí mo ti rí ẹni tó gún bátìrì, mo sì ti rí ẹni tó fa wáyà kíbọ́ọ̀dù já. Kẹ́ẹ dúró tì í, kẹ́ẹ rí i pé ó yọ bátìrì kó tó fọwọ́ kan fáànù.