Bí A Ṣe Ń Tún Ọgbọ́n Ogun Tò Nígbà Tí Àfikún Tuntun Bá Wọ Géèmù

Lójú tèmi, kò sí àpẹẹrẹ bí àfikún (apá tuntun tí wọ́n ń fi kún géèmù) ṣe ń yí ọgbọ́n ogun padà tó ju The Conquerors lọ, èyí tó wọ inú Age of Empires II, géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà, ní ọdún 2000. Ẹ̀yà tuntun márùn-ún ló bá a wọlé: Aztecs, Mayans, Huns, Koreans àti Spanish. Àwọn ni gbogbo ojú ń wò. Bẹ́ẹ̀, ohun tó yí ogun padà jù kò sí lọ́wọ́ ẹ̀yà kankan nínú wọn. Ó wà nínú bárékè, níbi tí Pikeman, ọlọ́kọ̀ tí ń dojú kọ ẹlẹ́ṣin, ti lè di Halberdier tó lágbára jù ú lọ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà. Ó wà ní ilé ẹṣin, níbi tí ìmúdára kan tí ń jẹ́ Bloodlines ti ń fi kún ẹ̀mí àwọn ẹlẹ́ṣin. Ó tún wà ní ilé ọlọ, níbi tí a ti lè sanwó oko sílẹ̀ kí ti tẹ́lẹ̀ tó gbó. Ẹni tó ti ń gbá Franks tàbí Britons láti ọjọ́ pípẹ́ kàn rí i pé ilẹ̀ ti yí mọ́ òun lẹ́sẹ̀.

Àwọn àgbà a máa sọ pé omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ inú rẹ̀. Bí àfikún bá dé, ẹja ni à ń sáré wò. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: òfin tó kan gbogbo ènìyàn, kí ẹ tó wo ẹ̀bùn tí wọ́n fún ẹ̀yà kan ṣoṣo. Orí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

1. Ẹ kọ ìdí tí ọgbọ́n yín fi ń borí sílẹ̀

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fi àfikún náà sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé “mo máa ń tètè fi ẹṣin kọlu ọ̀tá.” Ẹ kọ ohun tó ń jẹ́ kí ó ṣeé ṣe: “mo ń tètè dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá kí ó tó kó ọlọ́kọ̀ jọ, wúrà mi sì ń tó.” Gbólóhùn méjì péré ti tó. Nígbà tí ìròyìn àtúnṣe bá jáde, ẹ óò mọ ìlà tó kàn yín gan-an nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà.

Ẹ wo Civilization V, géèmù tí à ń kọ́ ìlú tí a sì ń jagun nínú rẹ̀. Ẹni tó máa ń kọlu aládùúgbò rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ lè rò pé agbára àwọn onídà òun ló ń gbé òun lékè. Ṣùgbọ́n nígbà tí géèmù yẹn kọ́kọ́ jáde, ilẹ̀ ẹ̀bá odò ń mú wúrà wá fúnra rẹ̀, wúrà yẹn ló ń bọ́ ọmọ ogun. Nígbà tí Brave New World jáde ní ọdún 2013, ó mú wúrà kúrò lẹ́bàá odò, ó sì gbé e sórí ọ̀nà òwò. Káfáánì ló kù tó ń mú owó gidi wọlé, ọ̀tá sì lè kó káfáánì lọ́nà. Bí ẹ bá gbógun ti ìlú tí ẹ ń bá ṣòwò, ọ̀nà òwò yẹn já nìyẹn. Kò sí ohun tó ṣe onídà, ṣùgbọ́n ogun kùtùkùtù di ohun tí ń fa àpò ya. Ẹni tó bá ti kọ “wúrà odò” sílẹ̀ nínú ìdí rẹ̀ yóò rí èyí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó kọ “onídà” yóò máa wá ohun tó sọnù kiri.

2. Ẹ ya ohun tí a rà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí gbogbo ènìyàn gbà lọ́fẹ̀ẹ́

Ọjọ́ tí àfikún tí à ń sanwó fún bá jáde, àtúnṣe ọ̀fẹ́ sábà máa ń bá a rìn. Ẹni tí kò ra nǹkan kan náà yóò jí bá géèmù mìíràn. Europa Universalis IV, géèmù tí à ń darí orílẹ̀-èdè nínú rẹ̀, fi èyí hàn kedere ní ọdún 2015. Àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Common Sense ta ẹ̀tọ́ láti máa mú ìpínlẹ̀ ẹni dàgbà fún àwọn tó rà á. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó bá a jáde ló yí odi agbára padà fún gbogbo ènìyàn, débi pé odi bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà mọ́ ọmọ ogun tó bá fẹ́ kọjá láìkọ́kọ́ gbà á. Fún ẹni tó bá ń jagun, odi yẹn ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n tà lọ.

3. Bí a ṣe ń ka ìròyìn àtúnṣe

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ohun àmúṣọrọ̀: oúnjẹ, igi, wúrà, irin, iye tí òṣìṣẹ́ ń kó, iye tí ilé ń náni. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọmọ ogun tí gbogbo ẹ̀yà ní. Ẹ wo ẹ̀yà yín àtijọ́. Àwọn ẹ̀yà tuntun ló gbẹ̀yìn.

Ẹ má fojú fo ohun tó jọ ìrọ̀rùn lásán. Ní ọdún 1998, The Rise of Rome mú ẹ̀yà mẹ́rin wọ Age of Empires àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ kí a lè to ọmọ ogun sórí ìlà nínú bárékè. Kí ó tó dé, ọ̀kan ní láti jáde tán kí a tó tẹ èkejì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há sílé tẹ́lẹ̀ wá ní ààyè láti tẹjú mọ́ ojú ogun. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn àtúnṣe kì í gùn, ó sì máa ń yí bí ogun ṣe ń lọ padà ju erin tuntun lọ.

4. Ẹ ṣírò ìlù, ẹ má ṣírò agbára nìkan

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Agbára tí wọ́n kọ sára ọmọ ogun kò sọ púpọ̀. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé: ìlù mélòó, ìyẹn ìgbà mélòó tí a bá lù ú, ló máa pa á?

Ẹ jẹ́ ká mú Paladin (ẹlẹ́ṣin ńlá) àti ọlọ́kọ̀ nínú Age of Empires II, kí gbogbo ìmúdára ilé alágbẹ̀dẹ ti pé fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀mí Paladin jẹ́ 160, ààbò rẹ̀ sí ìlù ọwọ́ jẹ́ 5. Agbára Pikeman jẹ́ 8, ó sì ní èlé (agbára àfikún) 22 sí ẹlẹ́ṣin. Mú 5 kúrò nínú 8, ó ku 3. Fi 22 kún un, ó di 25. Ìlù méje ni yóò fi pa Paladin. Bí ẹlẹ́ṣin yẹn bá ní Bloodlines, ẹ̀mí rẹ̀ di 180, ìlù sì di mẹ́jọ. Nítorí náà, Bloodlines ra ìlù kan fún un.

Ó wá kan Halberdier. Agbára rẹ̀ jẹ́ 10, èlé rẹ̀ jẹ́ 32. Mú 5 kúrò nínú 10, fi 32 kún un, ó di 37. Paladin tí ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 160 yóò kú ní ìlù márùn-ún. Èyí tí ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 180 ńkọ́? Ìlù márùn-ún náà ni. Ẹ̀mí 20 tó wúlò níwájú Pikeman kò gba ẹlẹ́ṣin yẹn lọ́wọ́ ìlù kan ṣoṣo níwájú Halberdier. Kò sí ẹni tí yóò fi ojú lásán rí èyí láàárín ìjà.

Ẹ wá fi iye owó kún un. Ọlọ́kọ̀ kan ń gba oúnjẹ 35 àti igi 25. Ẹlẹ́ṣin kan ń gba oúnjẹ 60 àti wúrà 75. Ọlọ́kọ̀ kò gba wúrà rárá, wúrà sì ni ohun tí ń kọ́kọ́ tán lórí máàpù. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́ṣin nìkan kò fi tó mọ́ lẹ́yìn ọdún 2000: ẹni tó bá fẹ́ lo Paladin ní láti mú tafàtafà tàbí ohun mìíràn dání tí yóò máa pa ọlọ́kọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹṣin rẹ̀.

5. Ẹ bi ara yín pé: ìgbà wo ni ogun yóò ṣeé ṣe báyìí?

Nínú géèmù oní-ìyípo, níbi tí kálukú ti ń gbé ìgbésẹ̀ ní ìyípo tirẹ̀, àfikún kì í sábà fọwọ́ kan idà. Àkókò ló máa ń yí padà. Nígbà tí Gathering Storm wọ Civilization VI ní ọdún 2019, irin di ohun tí à ń kó jọ tí a sì ń ná. Ní ìyára tí ó wọ́pọ̀, ibi ìwakùsà irin kan ń mú 2 wá ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, Swordsman (onídà) kan sì ń gba 20. Ìyípo mẹ́wàá fún onídà kan nìyẹn, àká irin kì í sì í gbà ju 50 lọ níbẹ̀rẹ̀. Àlá pé ẹ óò kó onídà mẹ́wàá jáde láti ibi ìwakùsà kan ti di àsán. Onídà méjì ní iwájú, tafàtafà lẹ́yìn, àti igi tí ń wó ògiri: àwọn méjì ìkẹyìn yìí kò béèrè irin.

Rise and Fall, àfikún Civilization VI ti ọdún 2018, ti kọ́kọ́ mú ọ̀ràn ìdúróṣinṣin ìlú wá. Àwọn ará ìlú tó wà láàárín ibùsọ̀ (ojú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí máàpù) 9 síra wọn ń fa ọkàn ara wọn. Bí ẹ bá gba ìlú kékeré kan ní àárín ilẹ̀ ọ̀tá tí ẹ jókòó síbẹ̀, ó lè dìtẹ̀ kí ọmọ ogun yín tó sinmi tán. Ìlú ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà bó bá ṣeé ṣe, nítorí èrò inú rẹ̀ yóò máa fa àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ fi gómìnà síbẹ̀, ìdúróṣinṣin 8 ló ń fi kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Kí ìlú kejì tẹ̀ lé e kíákíá.

6. Ẹ̀yà tuntun: ẹ fi ara yín gbá a kí ẹ tó bá a jà

Bí ẹ bá ti jókòó sípò ẹni tó ń lò ó, ẹ óò rí ibi tó ti ń há a. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ gbogbo ọgbọ́n yín lé e ní ọ̀sẹ̀ tó jáde. Steppe Lancer, ẹlẹ́ṣin tó bá Definitive Edition ti Age of Empires II dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ní ọ̀kọ̀ gígùn, tó fi jẹ́ pé ẹlẹ́ṣin tó wà lẹ́yìn náà lè gún ọ̀tá láti èjìká ẹni tó wà níwájú. Agbára rẹ̀ pọ̀ jù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dín in kù.

Àfikún tún lè yí ẹ̀yà àtijọ́ padà pátápátá. Dynasties of India, àfikún Age of Empires II ti ọdún 2022, sọ Indians di Hindustanis, ó fún wọn ní ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Ghulam, ó sì gbé tafàtafà orí erin fún Bengalis, Dravidians àti Gurjaras. Ó fi erin oníhàámọ́ra rọ́pò igi tí ń wó ògiri fún àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí. Ẹni tó ń dáàbò bo ògiri ní láti ronú lọ́tọ̀: erin ni, ọlọ́kọ̀ lè gún un, àlùfáà sì lè yí i lọ́kàn padà.

7. Ẹ dán an wò, nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan

Ẹ ṣí ibi tí a ti ń ṣe máàpù fúnra ẹni. Ẹ fi Paladin 10 sí ẹ̀gbẹ́ kan, Halberdier 22 sí èkejì. Iye ohun àmúṣọrọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà ní pápá. Ẹ tún un ṣe ní ọ̀nà tóóró. Ẹ wá fi tafàtafà díẹ̀ sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ṣin. Bí ẹ bá yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó fa àbájáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó lọ bá ènìyàn gidi jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjà náà, ẹ sì wò ó kí àtúnṣe mìíràn tó dé, nítorí àkọsílẹ̀ àtijọ́ sábà máa ń kọ̀ láti ṣí nínú ẹ̀dà tuntun.

8. Bí ẹ bá ní ogun tó ń lọ lọ́wọ́

Ẹ má jẹ́ kí àtúnṣe bá a láàárín ọ̀nà. Nínú Europa Universalis IV, ogun tí a ti ń jà bọ̀ lè bàjẹ́ bí ẹ̀dà géèmù bá yí padà. Nínú Steam, ẹ ṣí Properties, ẹ lọ sí Betas, ẹ yan ẹ̀dà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sì dúró síbẹ̀ títí ẹ óò fi parí. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀pọ̀ tí ẹ jọ ń gbá a, àfikún tí ẹni tó ṣí géèmù ní ni gbogbo yín yóò lò, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ èyí tó ní àti èyí tó pa, kí ẹnikẹ́ni tó yan orílẹ̀-èdè rẹ̀.