Ṣàkì Ni Ẹ Ń Bọ́: Bí A Ṣe Ń Sin Màlúù Títí Yóò Fi Sanra

Ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù fún ẹran, ṣàkì ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Apá tó tóbi jù nínú ikùn màlúù nìyẹn, ti màlúù tó ti dàgbà sì lè gba ohun tó ju 100 lítà lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò lóǹkà ló ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ló ń jẹ koríko tí màlúù gbé mì. Ohun tí wọ́n bá sọ koríko náà dà ni màlúù fúnra rẹ̀ ń lò. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé oúnjẹ síwájú ẹran, àwọn kòkòrò yẹn lẹ ń bọ́. Tí ara wọn bá le, ẹran á sanra. Tí ẹ bá ṣì wọ́n bọ́ lọ́jọ́ kan péré, ẹran lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ríra ẹran

Ojúmọmọ ni kí ẹ ra ẹran, kí ẹ sì jẹ́ kó rìn lójú yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń tiro. Imú rẹ̀ yẹ kó tutù, kí ojú rẹ̀ mọ́, kí ìgbẹ́ olómi má sì rẹ́ mọ́ abẹ́ ìrù rẹ̀. Èyí tó dá dúró sí igun, tó sorí kọ́, tí irun ara rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí ẹlẹ́ran dín owó rẹ̀ tó. Rírù nìkan kì í ṣe àbùkù o. Ẹran tí egungun rẹ̀ tóbi, tí àyà rẹ̀ fẹ̀, tó kàn jẹ́ pé kò rí oúnjẹ jẹ, òun gan-an ló ń yára gba ẹran sára nígbà tó bá kan oúnjẹ gidi. Èyí tí àìsàn rù ló yẹ ní sísá fún.

Eyín la fi ń mọ ọjọ́ orí. Màlúù kò ní eyín iwájú lókè, ẹ má rò pé wọ́n ti yọ ọ́. Ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò. Méjì àkọ́kọ́ nínú eyín ńlá máa ń yọ ní nǹkan bí oṣù 18 sí 24, wọ́n á di mẹ́rin ní bíi ọdún 2 àbọ̀, mẹ́jọ á sì pé ní bíi ọdún 4. Fún ìsanra, èyí tí kò tíì ju eyín ńlá mẹ́rin lọ ló dára. Ẹran tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá ló ń fi oúnjẹ yín ṣe.

Ẹ ya ẹran tuntun sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 21 sí 30, kí ọpọ́n oúnjẹ àti ti omi rẹ̀ má sì pa pọ̀ mọ́ ti àwọn tó wà nílé. Àìsàn tó fara pamọ́ lọ́jọ́ ọjà máa ń jáde láàrin ìgbà yẹn.

Ilé àti omi

Ilé màlúù kò ní láti jẹ́ ààfin. Òrùlé tó ga, ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, ilẹ̀ tó dà díẹ̀ kí ìtọ̀ lè ṣàn lọ, ó tó. Ẹ má fi símẹ́ńtì dídán ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Ẹran á yọ̀ ṣubú, itan á sì ya. Níbi ìjẹun, màlúù ńlá kan nílò àyè bíi 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà. Tí àyè bá há, àwọn alágbára nìkan ni yóò jẹun.

Omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú di. Màlúù tó wọn 300 kílò lè mu 30 lítà lọ́jọ́ tó tutù, nígbà ooru ó lè tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Bí omi bá dín, oúnjẹ tó ń jẹ á dín. Ẹ máa fọ ọpọ́n omi: tí ẹ̀yin fúnra yín ò bá lè fi omi náà bọjú, kò yẹ fún ẹran.

Oúnjẹ

Kílò 2 sí 3 oúnjẹ gbígbẹ ni màlúù ń jẹ lójúmọ́ fún 100 kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká mú 2.5. Ẹran 300 kílò á nílò 7.5 kílò. Ṣùgbọ́n koríko tútù, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú kílò mẹ́rin, bóyá kílò kan ló jẹ́ oúnjẹ gangan. Ìyẹn ni pé 30 kílò koríko tútù lẹran yẹn nílò lójúmọ́. Tó bá jẹ́ koríko gbígbẹ, bíi 8.5 kílò tó. Ẹni tó ń já ìdì koríko kékeré kan sílẹ̀ láàárọ̀, tó wá ń ṣe kàyéfì pé ẹran òun ò sanra, kó lọ wọn ìdì náà.

Koríko nìkan kì í tètè mú ẹran sanra. Èyí ni àpòpọ̀ 100 kílò tó rọrùn láti ṣe: 60 kílò àgbàdo tí a lọ̀ tí kò kúnná, 20 kílò èèrí, 17 kílò ẹ̀wà sóyà tàbí ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò, 2 kílò ẹfun òkúta lílọ̀, àti kílò iyọ̀ kan. Ẹ má lọ àgbàdo náà kúnná bí èlùbọ́. Bó bá ti kúnná tó ló ṣe ń yára kan nínú ṣàkì.

Ibi tí wàhálà ti ń wá gan-an nìyí. Àwọn kòkòrò tó mọ koríko jẹ kò mọ àgbàdo jẹ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ tó pọ̀ tó. Bí ẹ bá da àgbàdo púpọ̀ sílẹ̀ lójijì, ṣàkì á kan bí ògì tó pẹ́ nílẹ̀, àwọn kòkòrò rere á kú, ẹran á kọ oúnjẹ, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, á sì ya ìgbẹ́ olómi tó ń yọ fóòmù tó sì ń rùn kíkan. Nítorí náà, ẹ fi ìdajì kílò bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi ìdajì kún un ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi di kílò 3 fún ẹran 300 kílò, kí ẹ sì máa dín koríko kù bó bá ṣe ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Koríko ni kó kọ́kọ́ jẹ. Koríko gígùn ló ń mú kó jẹ àpọ̀jẹ, àpọ̀jẹ ló ń mú itọ́ wá, itọ́ ló sì ń pa kíkan ikùn.

Ẹ lè fojú rí i bóyá ṣàkì ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ẹran bá dùbúlẹ̀, ẹ kà wọ́n: ó kéré tán, ìdajì wọn yẹ kó máa jẹ àpọ̀jẹ. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ ka iye ìgbà tó rún un kó tó gbé e mì. Bíi 50 sí 60 ló dára. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí apá òsì rẹ̀. Kòtò kékeré kan wà láàrin egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí. Ẹ tẹ ìkúùkù mọ́ ọn, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ ó gbọ́ tí nǹkan ń yí lábẹ́ ọwọ́ yín, bí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá yí rárá, ẹ dá àgbàdo dúró, ẹ fún un ní koríko gbígbẹ, kí ẹ sì pe dókítà ẹran.

Bí kòtò náà bá kún, tó wú bíi bọ́ọ̀lù, ikùn ti há nìyẹn. Ewé ẹ̀wà àti irú rẹ̀ tó ṣì tútù, tí ìrì wà lórí rẹ̀, ló sábà ń fà á, pàápàá tí ebi bá ń pa ẹran kó tó débẹ̀. Ẹ mú un dúró kí iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ, ẹ fi ìgò rọ 300 sí 500 mílílítà òróró ìsebẹ̀ sí i lẹ́nu láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má gbé orí rẹ̀ sókè jù, ẹ má sì fa ahọ́n rẹ̀, kí òróró má bàa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà kíákíá. Tó bá ń mí gúlegúle, wákàtí kan ti pẹ́ jù.

Ọmọ màlúù

Ṣàkì ọmọ tuntun kò tíì ṣiṣẹ́. Wàrà ló ń gbé e ró. Wàrà àkọ́kọ́ tó nipọn yẹn ni kò gbọ́dọ̀ pàdánù, nítorí kò sí ohun mìíràn tó ń gbógun ti àrùn lára rẹ̀. Ọmọ tó wọn 30 kílò yẹ kó mu bíi 3 lítà láàrin wákàtí 6. Lẹ́yìn wákàtí 24, ìfun rẹ̀ kò ní gbà á sára mọ́. Ẹ fi ayodíìnì, oògùn apakòkòrò, sí ìdodo rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ gbé àpòpọ̀ díẹ̀ àti koríko rírọ̀ síwájú rẹ̀. Oúnjẹ yẹn ló ń sọ ṣàkì rẹ̀ di àgbà. Oṣù 6 sí 8 la ń já a lẹ́nu ọmú. Akọ tí ẹ ò fẹ́ fi ṣe irú, ó sàn kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá nígbà tó ṣì kéré.

Ìlera

Ara màlúù yẹ kó gbóná bíi 38 sí 39.3 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì. Fún oògùn aràn àti ti eégbọn, bí ẹran bá ṣe wúwo tó ni ẹ ó wọn oògùn. Oògùn tí kò tó kì í pa aràn, ó kàn ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa kọ oògùn ni. Dókítà àdúgbò yín ló mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ níbẹ̀.

Bí ẹran bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì ń jáde ní imú tàbí ní ìdí, ẹ má là á, ẹ má sì jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ anthrax, tó ń pa ènìyàn, tó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fi tó àwọn aláṣẹ ìlera ẹran létí.

Tí àgùntàn bá wà lọ́gbà kan náà, ẹ má jẹ́ kó lá iyọ̀ tí wọ́n po bàbà mọ́ fún màlúù. Bàbà tó wà nínú rẹ̀ tó fún màlúù, ṣùgbọ́n ó ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àgùntàn títí á fi pa á. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ fẹ́ràn ewé igi ju koríko lọ, kò sì fẹ́ òjò lára.

Wíwọ̀n àti títà

Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, téèpù tó. Ẹ yí i ká àyà ẹran lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti egungun èjìká dé egungun ìdí. Ẹ fi ìwọ̀n àyà lọ́po ara rẹ̀, ẹ fi gígùn lọ́po ohun tó bá jáde, kí ẹ wá fi 10,840 pín in. Àyà 160 sẹ̀ǹtímítà àti gígùn 130 yóò fún yín ní nǹkan bí 307 kílò. Láàárọ̀, kó tó jẹun, ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹran tó ń jẹ dáadáa lè fi ìdajì kílò sí kílò kan kún ara lójúmọ́. Nígbà tí owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì bá ti ju owó kílò tó fi kún ara lọ, ẹ tà á, bí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn tó lò gbẹ̀yìn pé kí ẹ dúró kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹran náà bá ti pé.