Bí A Ṣe Ń Kó Rẹ́kọ́ọ̀dù Jáàsì Jọ: Ẹ Ka Ara Àwo Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó rẹ́kọ́ọ̀dù jáàsì jọ lónìí kò ní wá ọjà tì. Ọjà ló pọ̀ jù. Kind of Blue tí Miles Davis, afọnkàkàkí jáàsì, gbé jáde ní 1959 nìkan, àìmọye ìgbà ni wọ́n ti tún un tẹ̀, páálí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra délẹ̀délẹ̀. Síbẹ̀, owó ọ̀kan lè ra ogún nínú èkejì. Ohun tó ń fi ẹni tó mọ̀ ọ́n kó hàn ni pé ó lè ka àmì tó wà lára àwo. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù. Ìyókù kò le.

Ẹ di ibì kan mú

Láti 1917 ni jáàsì ti ń jáde sórí àwo. Kò sẹ́ni tó lè kó o tán, kódà bó bá ní owó bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan, tàbí olórin kan, tàbí ọdún mélòó kan, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ ná.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ gba ọmọ Yorùbá nímọ̀ràn, ipa àwọn èèyàn wa nínú jáàsì New York ni màá ní kó tọ̀. Babatunde Olatunji, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Badagry, gbé Drums of Passion jáde ní ilé-iṣẹ́ Columbia ní 1960. Ìlù àti orin ìbílẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe jáàsì gan-an, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe jáàsì gbọ́ ọ, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Lọ́dún yẹn kan náà, Randy Weston, tó ń tẹ dùùrù jáàsì, pè é wá lulù sínú àwo rẹ̀, Uhuru Afrika. Ní 1962, Art Blakey, onílù jáàsì, kó àwọn onílù jọ, ó sì ṣe The African Beat fún ilé-iṣẹ́ Blue Note. Solomon Ilori, ọmọ Yorùbá, wà nínú wọn, orin tirẹ̀ tó ń jẹ́ "Ife L'ayo" sì wà lórí àwo náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Blue Note fún Ilori ní àwo tirẹ̀, African High Life. John Coltrane, tó ń fọn fèrè sàksófóònù, náà fi "Tunji" bọlá fún Olatunji lórí àwo tó gbé jáde ní ilé-iṣẹ́ Impulse ní 1962. Ní oṣù kẹrin ọdún 1967, ó lọ ṣeré nílé ẹ̀kọ́ àṣà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem, oṣù keje ló sì kú. Ọdún 2001 ni ohùn eré yẹn tó jáde.

Àwo mẹ́fà nìyẹn, láti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá kó wọn jọ ti mọ ọ̀nà dé ìdajì ọjà náà.

Ẹ̀rọ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé máa ń ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìlú tó ti wá. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, 60 hertz (hertz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ti Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240 fóòtì, 50 hertz. Ti Ìlú Ọba náà sì jẹ́ 50, bíi tiwa. Tiransifọ́mà tí wọ́n ń pè ní step-down lè sọ 230 di 120, àmọ́ kò lè sọ 50 di 60. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ sì wà tó jẹ́ pé hertz iná ni mọ́tò wọn ń tẹ̀ lé. Tí irú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀ bá dé Ìbàdàn, àwo tó yẹ kó yí nígbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan kò ní yí ju bíi 28 lọ. Coltrane á wá máa fọn fèrè bí ẹni tí oorun ń kùn, ẹ ó sì máa dá àwo lẹ́bi.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, ti London sàn ju ti Houston lọ. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà náà lẹ rí, ẹ wá èyí tí mọ́tò rẹ̀ kì í wo hertz iná rárá. Technics SL-1200MK2, tó jáde ní 1979, wà nínú irú èyí. Kírísítà inú rẹ̀ ló ń ṣọ́ bó ṣe ń sáré, step-down nìkan sì ti tó o.

Abẹ́rẹ́ tó bá bá ẹ̀rọ tòkunbọ̀ wá, ẹ má fi kan àwo olówó iyebíye. Ẹ rà tuntun. Kí ẹ sì wọn bó ṣe ń wúwo lórí àwo gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ti sọ. Fún ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ òde òní, ó máa ń sún mọ́ gíráàmù méjì. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó dà bí àpótí kékeré yẹn máa ń tẹ àwo mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èmi ò ní gbé àwo 1962 sórí wọn.

Kíka ara àwo

Ẹ jẹ́ ká lo Blue Note, torí òun ni wọ́n ń lépa jù, òun náà ni wọ́n sì ń fi gbájúẹ̀ jù. Alfred Lion, ọmọ Berlin tó sá kúrò ní Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní New York ní 1939. Francis Wolff ń ya fọ́tò, Reid Miles ń ṣe páálí, Rudy Van Gelder sì ń gba ohùn sílẹ̀. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú ni Van Gelder ń ṣe lọ́sàn-án. Pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack ló ti ń gba ohùn, kó tó kó lọ sí Englewood Cliffs ní 1959.

Ẹ fa àwo yọ kúrò nínú páálí, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì láàárín. Tó bá jẹ́ "767 Lexington", ó ti wà ṣáájú òpin 1957. Lẹ́yìn náà ni "47 West 63rd" dé. Láti nǹkan bí 1962 ni wọ́n ti ń kọ "New York, USA". Tí ẹ bá wá rí "A Division of Liberty Records", ẹ̀yìn ìgbà tí Liberty ra ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi lébẹ́ẹ̀lì nìkan dájọ́ o: wọn kì í da lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ nù, wọ́n máa ń lò ó tán, ẹ sì lè rí àwo tí àdírẹ́sì ojú kìíní rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ojú kejì.

Ibi tí òótọ́ wà nìyí. Láàárín ibi tí orin parí sí àti etí lébẹ́ẹ̀lì, àyè dúdú kan máa ń wà tí ń dán. Ẹ gbé àwo sí abẹ́ gílóòbù, kí ẹ sì rọra dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọwọ́ họ síbẹ̀. Ẹ ó rí "RVG" tàbí "VAN GELDER", tó fi hàn pé Van Gelder fúnra rẹ̀ ló gé orin sára àwo ìpilẹ̀ tí wọ́n fi tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àmì kékeré kan tó ká kóńkó, tí àwọn tó ń kó àwo ń pè ní "etí" nítorí bó ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà P ni. Plastylite, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo fún Blue Note ní New Jersey, ló ni àmì náà. Liberty ra Blue Note ní 1965, wọ́n sì kúrò lọ́dọ̀ Plastylite lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àwo tó bá ní VAN GELDER tó sì ní etí, ìgbà Alfred Lion ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ní VAN GELDER ṣùgbọ́n tí kò ní etí, ìgbà Liberty ló sábà máa ń jẹ́: àwo ìpilẹ̀ kan náà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ lè dùn bí ti àkọ́kọ́, owó rẹ̀ sì kéré gan-an. Èyí ni ẹrù tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá ẹ̀yà ìtàn á lọ sanwó etí. Ẹni tó ń wá orin á gbé èyí lọ sílé, á sì sùn dáadáa.

Ní Columbia, ojú ni ẹ ó kà, ìyẹn àmì kékeré tó dà bí ẹyinjú lára lébẹ́ẹ̀lì. Lébẹ́ẹ̀lì tó ní ojú mẹ́fà, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, ni ti apá ìparí àwọn ọdún 1950 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1960. Olójú méjì tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́ kì í sì í fìgbà gbogbo dáa jù: ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba apá kìíní Kind of Blue kò sáré tó, nítorí náà orin mẹ́ta ibẹ̀ ń yára díẹ̀ lórí àwo. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe. Gbogbo ẹni tó ń na owó ńlá lórí olójú mẹ́fà, ìyára yẹn ló ń rà mọ́ ọn.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ di etí àwo àti lébẹ́ẹ̀lì mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú orin. Lábẹ́ iná, ilà wẹ́wẹ́ tí kò jìn kì í dún. Èyí tí èékánná bá gbé, á máa ta kọ́kọ́kọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá yí dé ibẹ̀. Ẹ wo ihò àárín náà: bí ilà eérú bá kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwo náà ti ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ẹ gbé e dọ́gba pẹ̀lú ojú kí ẹ sì yí i. Bó bá wọ́, etí rẹ̀ á máa jó sókè sódò.

Tí wọ́n bá gbà yín láyè láti gbọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ibi tí ìlù ti ń hó dán an wò fún yín. Ìlù ń bo ariwo mọ́lẹ̀. Orin tó rọra, tó jẹ́ bẹ́ẹ̀sì àti dùùrù nìkan, pàápàá orin tó kẹ́yìn lójú kan, ni kí ẹ ní kí wọ́n gbé sí i. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ burúkú àtijọ́ ti ń jẹ àwo jù.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà ni wọ́n fi ń sọ bó ṣe rí: NM ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun, VG+ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà VG, lẹ́yìn náà G. Ìlànà tó gbajúmọ̀ ni pé owó VG+ kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ti NM lọ. G, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi páálí ṣe ẹ̀ṣọ́ ara ògiri.

Ríra

Ẹ lọ sí Discogs, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń to àwo lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n sì ti ń tà á, kí ẹ fi nọ́ńbà inú àyè dúdú yẹn wé èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì ojú méjèèjì àti àyè náà. Ẹ bi í bóyá ó gbọ́ ọ ni, àbí ojú lásán ló fi wò ó. Ẹni tó bá ń gbó yín lẹ́nu lórí fọ́tò, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tí wọ́n bá máa fi ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n yọ àwo kúrò nínú páálí kó má bàa fà á ya lójú ọ̀nà. Ẹni tó wà ní Èkó lè yà sí Jazzhole, ṣọ́ọ̀bù ìwé àti àwo, ní òpópónà Awólọ́wọ̀, Ìkòyí.

Tí owó kò bá tó, àtúntẹ̀ tó dáa wà. Tone Poet ti Blue Note bẹ̀rẹ̀ ní 2019, Kevin Gray ló ń gé e láti inú téèpù àkọ́kọ́. Àwọn Original Jazz Classics ti àwọn ọdún 1980 tún orin ilé-iṣẹ́ Prestige àti Riverside tẹ̀, wọn ò sì wọ́n púpọ̀. Àwọn tí mo máa ń sá fún ni àtúntẹ̀ olówó pọ́ọ́kú láti Yúróòpù tí kò kọ orúkọ ẹni tó gé e tàbí ibi tí wọ́n ti rí ohùn náà. Òfin ibẹ̀ kò dáàbò bo ohùn tó jáde ṣáájú 1963 mọ́, síídì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá.

Ìtọ́jú

Ẹ tò wọ́n lóòró, ẹ má tò wọ́n léra. Kí oòrùn má rí wọn, kí wọ́n má sì sùn nínú mọ́tò tí wọ́n páàkì síta lọ́sàn-án. Ooru ibẹ̀ tó láti mú wọn wọ́. Lásìkò òjò, páálí máa ń bu, nítorí náà ẹ fi ààyè sílẹ̀ láàárín wọn àti ògiri. Lásìkò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá, kí ẹ máa fi ìbòrí ẹ̀rọ bò ó ní gbogbo ìgbà.

Láti fọ̀ wọ́n, omi tí wọ́n kọ "distilled water" sí lára, irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì ínfátà, ló dáa. Ẹ ka ara ike náà dáadáa, torí ásíìdì wà nínú ike tó jọ ọ́. Ẹ kán ọṣẹ ìfọwọ́ olómi díẹ̀ sí i, fi aṣọ tó múlọ́ nù ún yípo bí ilà ṣe lọ, kí ẹ fi omi yẹn nìkan ṣan án, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kó tó wọ àpò tuntun. Àwọn kan máa ń fi ọtí spírítì díẹ̀ sí i. Ó lè ṣe fún LP, ìyẹn àwo 33 tí à ń sọ bọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àwo 78 àtijọ́ (èyí tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) nílé àgbà kan, ẹ má jẹ́ kí spírítì kàn án rárá: ohun tí wọ́n fi ṣe é máa ń yọ́ nínú ọtí.