Kálípà ńlá, rímù àtijọ́: bí ẹ ṣe máa fi sípésà sí i

Ọ̀nà Abẹ́òkúta ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì ló ń ṣiṣẹ́ jù lára mọ́tò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pààrọ̀ dísìkì àti kálípà iwájú (irin tó ń fi pádì fún dísìkì) sí èyí tó tóbi. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé rímù tẹ́lẹ̀ kò ní wọlé mọ́, tàbí kó wọlé kó máa ha. Wọ́n á ní kí ẹ lọ ra sípésà, irin pẹlẹbẹ roboto tí wọ́n ń fi sáàrin rímù àti họ́bù (ibi tí wọ́n ń de rímù mọ́). Ẹ má tíì lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń kàn. Ó lè jẹ́ apá rímù, ìyẹn àwọn ọ̀pá tó tàn kálẹ̀ láti àárín. Ó sì lè jẹ́ ikùn rímù, ibi roboto tí táyà wé mọ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun orí kálípà, ẹ gbé rímù kọ́, ẹ fọwọ́ yí i díẹ̀, kí ẹ tú u kí ẹ wo ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti kùn ún. Síta ni sípésà ń ti rímù. Kò lè mú ikùn rímù fẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ ikùn ló ń kàn, rímù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lẹ máa rà.

Tó bá jẹ́ apá ló ń kàn, ẹ wọ̀n ọ́n. Pádì tuntun ni kó wà níbẹ̀ nígbà náà. Kálípà tó ń rìn lórí píìnì máa ń sún wọnú bí pádì bá ṣe ń jẹ, tí yóò sì máa jìnnà sí apá rímù. Ẹni tó fi pádì tó ti jẹ wọ̀n ọ́n yóò rò pé àyè wà, títí di ọjọ́ tó bá pààrọ̀ pádì. Ẹ ti rímù wọlé títí tí yóò fi kan kálípà, ẹ wọn àlàfo tó wà láàrin ojú họ́bù àti ẹ̀yìn rímù, kí ẹ fi 3 mm lé e. Àlàfo 2 mm túmọ̀ sí sípésà 5 mm. 3 mm yẹn kì í ṣe àṣejù: òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà wa, èyí tó bá há sáàrin yóò máa gbẹ́ rímù bí ẹni ń gbẹ́ igbá. Láti rí i dájú, ẹ lẹ ẹ̀bà tútù kékeré mọ́ ibi tó yọ jù lára kálípà (ẹ̀bà náà ni, tí plasticine àwọn ọmọ kò bá sí nílé), ẹ de rímù pẹ̀lú sípésà, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ tú u. Bí ẹ̀bà tó tẹ̀ bá ṣe nípọn sí ni àyè tí ẹ ní. Ẹ nù ún kúrò o.

Nípa rírà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Toyota kan náà ni gbogbo wọn. Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle, ihò 5 lórí 114.3 mm ni (ìyẹn fífẹ̀ òbìrìkítí tí ihò máràárùn-ún wà lórí rẹ̀), àárín họ́bù rẹ̀ jẹ́ 60.1 mm. Corolla 2003 sí 2008, 5 lórí 100 mm ni, àárín rẹ̀ 54.1 mm. Ihò àárín sípésà gbọ́dọ̀ mú họ́bù ṣinṣin. Àwọn sípésà olówó pọ́ọ́kú tí ihò wọn gùn gbọọrọ kó lè bá gbogbo mọ́tò mu kì í dúró ní àárín. Tí ẹ bá ti sáré tó 80 km/h, ọwọ́ sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ má sì fi wọ́ṣà rọ́pò sípésà láéláé.

Sípésà 5 mm ti jẹ 5 mm lára sítọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá olókùn tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí nọ́ọ̀tì yí kó tó le. Sítọ́ọ̀dù M12x1.5 (ó nípọn tó 12 mm, okùn rẹ̀ sì fi 1.5 mm jìnnà síra), irú ti Toyota àti Honda, ń fẹ́ 8 ó kéré tán, M12x1.25 ti Nissan ń fẹ́ 10. Tí kò bá pé, ẹ fi sítọ́ọ̀dù tó gùn sí i. Ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi tẹ sítọ́ọ̀dù àtijọ́ jáde, kì í ṣe òòlù. Béárìn ló ń jìyà òòlù.

Sípésà tó nípọn, 20 mm àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní sítọ́ọ̀dù tirẹ̀. Kò wù wá. Rímù ET45 á di ET25 (ET ni iye mm tí ojú tí rímù fi ń kan họ́bù fi jìnnà sí ìlà àárín fífẹ̀ rímù), táyà á yọ síta, béárìn á sì gba ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Tí àyè tí ẹ ń wá bá ti kọjá 10 mm, rímù tí ET rẹ̀ kéré ló dáa jù.

Ẹ wo nọ́ọ̀tì pẹ̀lú. Ti ọ̀pọ̀ rímù alọ́ì àtilẹ̀wá Toyota ní wọ́ṣà, ojú rẹ̀ tẹ́. Ti ọ̀pọ̀ rímù ọjà ṣóńṣó. Ti Honda rí roboto. Tí ẹ bá fi èyí sí ojú ìyẹn, yóò tú.

Láti dè é, ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́ (ní ìlú yìí, ẹ wá a dáadáa), ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ gbé mọ́tò lé sítáńdì, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lójú họ́bù. Ẹ fọwọ́ tẹ sípésà lọ́tùn-ún lósì; tó bá ń mì, ìdọ̀tí ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi gírísì kan okùn sítọ́ọ̀dù, torí yóò jẹ́ kí ẹ fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi ọwọ́ mú gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé, ẹ wá fi torque wrench (sípánà tó ń fi Nm wọn agbára tí ẹ fi ń fún nọ́ọ̀tì) fún wọn ní ìkọjúsíra: 50 Nm lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 103 Nm fún Camry. Ẹ bẹ fọganáísà kó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó fi ń de nọ́ọ̀tì sílẹ̀.

Kí mọ́tò tó rìn, ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá méjèèjì, kí ẹ wò ó bóyá rọ́bà bíréèkì tàbí táyà ń kan nǹkan. Tí ẹ bá gbọ́ kọ̀ kọ̀ kọ̀ tó ń tẹ̀ lé yíyí táyà, òjé báláǹsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rímù ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n sún un kúrò lójú kálípà.

Lẹ́yìn 50 sí 100 km, nígbà tí rímù bá ti tutù, ẹ tún fi 103 Nm wò ó. Kí nọ́ọ̀tì kan yí díẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Tó bá tún yí lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tú gbogbo rẹ̀: bóyá ìpẹtà ṣì wà níbẹ̀, tàbí nọ́ọ̀tì kò bá ojú rímù mu.