Bí Mo Ṣe Mú Dráìfù Tí Kò Gbà Láti Kọ DVD Ṣiṣẹ́

Ìyá wa ní Mọ̀pà fẹ́ máa wo fídíò ìsìn ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí wọn, ẹ̀rọ tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n wọn kò sì gba fláàṣì, àwo nìkan ló ń gbà. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó ti kọ̀ǹpútà mi ní Kàbà láti kọ fídíò náà sórí DVD. Irú dráìfù tí à ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta ni tèmi. Ó ń ka àwo fíìmù geere, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ki àwo òfìfo bọ̀ ọ́ tí ìkọ̀wé sì bẹ̀rẹ̀, kì í pẹ́ tí iṣẹ́ á fi dá dúró.

Mo kọ́kọ́ wo bí fídíò náà ṣe tóbi tó. Páálí àwo a máa sọ pé 4.7 GB ló ń gbà, ṣùgbọ́n nítorí bí Windows ṣe ń ṣírò rẹ̀, 4.38 GB péré ni yóò fi hàn, ohun tó bá sì ju ìyẹn lọ kò lè wọlé. Fídíò tèmi kò tó bẹ́ẹ̀. Mo pààrọ̀ àwo, mo dín ìyára ìkọ̀wé kù láti 8x sí 4x nínú ImgBurn, ètò tí mo fi ń kọ àwo, mo sì fi ọtí isopropyl díẹ̀ lórí òwú nu ojú lẹ́ńsì, torí pé eruku ọyẹ́ agbègbè wa kì í mọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Kò yí padà.

Àwo tó bàjẹ́ ló tú àṣírí. Mo gbé ọ̀kan lọ sójú fèrèsé, mo yí inú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, mo sì rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí ihò àárín ká, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìyókù. Àárín ni ìkọ̀wé ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó máa lọ sétí, èyí tó fi hàn pé lésà, ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ̀wé sára àwo, ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń kú lójijì ni. Mo tún ìkọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀, mo sì tẹjú mọ́ dráìfù: àwo ń yí kíkankíkan, iná ṣẹ́jú, ó kú, ariwo rọlẹ̀, dráìfù pòórá lójú kọ̀ǹpútà, kó tó di pé ó tún yọjú. Ohun tí iná rẹ̀ kò tó ni í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwo kíkà kò gba agbára púpọ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ lésà kàn ń ta lára àwo padà ni. Ṣùgbọ́n láti kọ̀wé, ó gbọ́dọ̀ le débi tí ooru rẹ̀ yóò fi yí aró inú àwo padà. Iná tí ojú USB 2.0 kan ń fúnni kò sì ju 500 mA lọ, bẹ́ẹ̀ hub (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) tí dráìfù wà lórí rẹ̀ tún ń bọ́ máòsì àti fláàṣì.

Mo yọ dráìfù kúrò lórí hub, mo mú okùn olórí méjì tó bá a wá, mo sì ki orí méjèèjì bọ ara kọ̀ǹpútà gan-an. Ìkọ̀wé náà dé òpin. DVDStyler ni mo ti fi sọ fídíò di irú DVD tí ẹ̀rọ ilé ń kà, nítorí bí a bá kàn da fáìlì sórí àwo lásán, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní dá a mọ̀. Mo jẹ́ kí ImgBurn fi ohun tó kọ wé ti inú kọ̀ǹpútà, kò sì rí àṣìṣe kankan, ni mo bá kọ ẹ̀dà kejì fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsánlú, mo sì fi méjèèjì rán awakọ̀ tí yóò gba Mọ̀pà kọjá.