Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó ọ̀rẹ́ jọ lọ fi ọkọ̀ ṣe fàájì lójú Odò Ògùn, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó dáwó

Púpọ̀ nínú àwa ará Abẹ́òkúta, orí afárá Láfẹ́ńwá la ti ń wo Odò Ògùn látìgbà tí wọ́n ti bí wa, a ò jókòó lé e lórí rí. Bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un kí rélùwéè tó dé, ojú odò yìí làwọn bàbá wa ń gbà kẹ́rù lọ sí Èkó, Àrò ni ọkọ̀ wọn ti ń gbéra. Torí náà ó ṣeé ṣe dáadáa, àmọ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó àti àsun, ẹ jẹ́ kó yé yín pé omi ló ń mú ọjọ́ fún yín o. Ẹ lè ti rán aṣọ ẹgbẹ́ tán, tómi ò bá gbà, ẹ gbélé yín jàre.

Ìdí ni pé dáàmù Ọ̀yán wà lókè wa lọ́hùn-ún, bíi 20 kìlómítà sí ìlú, látọdún 1983 ni wọ́n ti ṣí i. Tójò bá ti pọ̀ jù, wọ́n á tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, omi yẹn ló ń wá bá wa, tó tún ń lọ wọlé onílé n'Íṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú. Torí ẹ̀, Ṣẹ̀tẹ́ńbà àti Ọkitóbà, ẹ má dán an wò rárá, ẹ máa gbọ́ ìkìlọ̀ wọn lórí rédíò. Fẹ́búárì sí Máàṣì náà ò dáa, omi á ti fà, iyanrìn á máa yọrí láàárín odò. Èmi fẹ́ràn ìparí Nòfẹ́ńbà sí àárín Disẹ́ńbà, òjò ti lọ, omi ò sì tíì gbẹ.

Ẹ má gbéra láàárín ìlú. Ìlú àpáta la wà, ti Olúmọ nìkan kọ́ o, àwọn míì wà lábẹ́ omi tẹ́ ẹ ò rí, wọ́n á kàn ba pùròpẹ́là jẹ́ fún yín. Ẹ wọ mọ́tò lọ sí ìsàlẹ̀ odò, lápá Mokoloki ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ibẹ̀ ni omi ti fẹjú tó sì ń rọra ṣàn, iyanrìn ló pọ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀.

Àwọn apẹja àtàwọn tó ń wa yanrìn ló mọ odò, àmọ́ ọkọ̀ awayanrìn ò ṣe é ṣe fàájì, kò sí ìjókòó níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé èèyàn sọdá lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ wá. Tẹ́ ẹ bá rí atukọ̀, ẹ má tíì béèrè iye, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni iyanrìn ti pọ̀ jù lójú odò báyìí?" Ẹni tó ń rìn ín lóòótọ́ á dárúkọ ibi méjì mẹ́ta fún yín lójú ẹsẹ̀, torí iyanrìn yẹn ń ṣípò lẹ́yìn òjò ọdọọdún. Tó bá kàn ń sọ pé "kò séwu, kò séwu", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù ẹ̀ máa tó ẹ̀yin mẹ́jọ. Ẹ ní kó fi púlọ́ọ̀gì ìpamọ́ àti àjẹ̀ méjì hàn yín.

Ohun táwọn èèyàn kì í rò rè é: tó bá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti gbéra náà lẹ máa padà sí, ẹ kọ́kọ́ gòkè odò, kẹ́ ẹ dojú kọ ìṣàn omi nígbà tí pẹtiróòlù ṣì kún, tó bá wá dọ̀rọ̀ à ń padà bọ̀, omi fúnra ẹ̀ á máa gbé yín bọ̀, ẹ tiẹ̀ lè paná ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ara yín, tó bá sì kọṣẹ́ pátápátá, àjẹ̀ á gbé yín délé. Ẹni tó kọ́kọ́ bá omi sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì wá kú fún nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, apá ẹ̀ á sọ fún un.

Láífù jákẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ọ̀kan, kò sí àwáwí. Kì í ṣe kẹ́ ẹ gbé e kọ́rùn torí fọ́tò o. Ẹ de gbogbo okùn ẹ̀, kí ọ̀rẹ́ yín di í mú léjìká méjèèjì kó fà á sókè, tó bá gòkè dé etí yín, ó ti tóbi jù, inú omi ló ti máa bọ́ kúrò lọ́rùn yín. Kí gbogbo yín má sì rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí ẹnì kan fẹ́ snap.

Oúnjẹ ò ní wàhálà, òjòjò gbígbóná, mọ́ínmọ́ín eléwé, omi tútù nínú kúlà. Ẹ fi làfún sílẹ̀, ibo lẹ fẹ́ fọwọ́ sí? Ọtí, ẹ jẹ́ kó dìgbà tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀, ti atukọ̀ náà ńkọ́, kó má fẹnu kàn án rárá.

Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ létí omi tó dákẹ́ tí koríko kún, pàápàá lọ́sàn-án gangan. Àtọ̀sí ajá wà nínú omi yìí, ìgbín kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ koríko ló ń gbé kòkòrò ẹ̀, kòkòrò náà á gba awọ ara wọlé láìdunni. Agbègbè dáàmù Ọ̀yán gan-an ni àìsàn yìí ti ń bá wọn fínra jù. Tẹ́nikẹ́ni bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kó má lọ rà ẹ̀gbògi lọ́wọ́ alágbo, kó lọ ṣàyẹ̀wò ìtọ̀ lọ́sìbítù, praziquantel ni dókítà máa fún un.

Àwọn tó fẹ́ bá odò sọ̀ kalẹ̀ dé Ìṣẹrì, ẹ gbéra láàárọ̀ kùtù, torí NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ojú omi, ò fẹ́ kí ọkọ̀ rìn lójú omi lálẹ́. Kí dírẹ́bà yín gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ dúró dè yín lápá Kara, ẹ sì má fi í sí Fúráìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí ọ̀nà Redemption Camp lẹ máa gbà padà sílé, àwọn tó ń lọ ìsìn òru níbẹ̀ á ti dí ọ̀nà, òru lẹ máa fi délé.