Mo ra ìjánu kí n tó ra ẹṣin

Kí n tó ní spectrum analyser, ẹ̀rọ tó ń fi ìlà hàn wá bí agbára redíò ṣe pọ̀ tó ní ìgbì kọ̀ọ̀kan, attenuator méjì, ohun tó ń dín agbára kù kó tó wọ ẹ̀rọ, ni mo kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ sí Ṣáínà fún. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń tún redíò ṣe ní Wuse fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Àbúrò, o ti ra ìjánu, ẹṣin ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rántí ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kan so wókí-tókí mọ́ ẹ̀rọ tààrà, ó tẹ bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀, ẹ̀rọ jóná, ó tán. Ọ̀gá wa ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. dBm la fi ń wọn agbára, dB sì ni iye tí attenuator ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Wókí-tókí wáàtì 5 jẹ́ 37 dBm. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ tèmi pé ohun tó bá wọlé kò gbọdọ̀ kọjá 20 dBm, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì. Mo fi attenuator 30 dB ṣíwájú, mo fi ti 10 dB tẹ̀lé e: ó ku −3 dBm. Èyí tó ṣíwájú ni kí ẹ fowó rà dáadáa. Tèmi lè gba wáàtì 10, torí òun ni gbogbo ooru ń bọ̀ lórí. Milliwatt 5 péré ló ń dé ọ̀dọ̀ ìkejì, pọ́ọ́kú tó o.

Ọyẹ́ ló tún kù. Ní oṣù kìíní l'Ábùjá, irin ilẹ̀kùn lásán ń ta ni lọ́wọ́! Iná ara bẹ́ẹ̀ lè ba ẹnu ẹ̀rọ jẹ́. Mo de okùn ọrùn-ọwọ́ tó so mọ́ wáyà ilẹ̀, mo sì fi terminator 50 ohm, ìdérí tó ń fa iná tó bá kù nínú kébù, pa ẹnu kébù kí n tó ki í bọ ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀tì nìkan ni mo yí, mi ò jẹ́ kí ara kọ́nẹ́tọ̀ yí. Mo ra DC block náà, ohun tó ń dí iná DC lọ́nà kó má wọ ẹ̀rọ. Mi ò tíì lò ó.

Mo tẹ bọ́tìnì ní 150 MHz. Ìlà yọ ní 300, òmíràn ní 450. Kò yẹ kí redíò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n dá a lẹ́bi. Àmọ́ mo ti ka Application Note 150, ìwé lórí spectrum analyser tí Keysight, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, orí fóònù ni mo ti kà á lóru tí kò síná. Ó ní kí n fi 10 dB kún attenuator inú ẹ̀rọ: ìlà tó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń dá a sílẹ̀. Ti 300 lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti 450 kò mira: redíò ló ni ín.

Mo pe Alhaji tó ni redíò pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì sí i, fíltà inú redíò, tó yẹ kó dí irú ìlà bẹ́ẹ̀ lọ́nà, ni.